Òfin Ìmúra Ọkùnrin Tí Ó Ti Gbó: Ta Ni Ó Ṣe É Fún Wa?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan láìpẹ́ yìí, àbúrò mi ọkùnrin, olùkọ́ tí ó kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, wá bá mi nílé. Ó kí mi tán, ó jókòó, kò sì tètè sọ ohun tí ó gbé e wá. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ni ó yọ ìwé kan láti inú àpò rẹ̀. Wọ́n pè é pé kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Èkó, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Inú mi dùn, mo sì ti ń la ẹnu láti súre fún un, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tí ó kẹ́yìn nínú ìwé náà, níbi tí wọ́n gbé kọ ọ́ pé kí gbogbo ọkùnrin tí yóò wá wọ kóòtù, kí wọ́n sì so táì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, kóòtù yín aláwọ̀ eérú nì ni mo wá yá."

Mo yá a ní kóòtù náà. Ìlú London ni mo ti rà á ní ọdún tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròhìn níbẹ̀. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó nípọn, ó sì wúwo bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ ọdún kan lé èjìká. Ní ọ̀hún, nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí atẹ́gùn orí odò Thames bá ń gé ènìyàn létí, n kò mọ ọ̀rẹ́ tí ó dára jù ú lọ. Láti ìgbà tí mo ti padà dé, inú àpótí ni ó ń gbé. Nígbà tí àbúrò mi gbé e wọ̀ nínú yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú fèrèsé méjèèjì ní ṣíṣí, kí ó tó di bọ́tìnnì kejì òógùn ti yọ ní iwájú orí rẹ̀. Mo wò ó, mo sì bi ara mi léèrè pé, kí ni òógùn yìí ní í ṣe pẹ̀lú ìṣirò? Ìbéèrè yìí ni mo gbé wá sí iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́.

A kì í ṣe ìran tí ó fi ojú kékeré wo aṣọ. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ni àwọn baba wa wí, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹni tí ó wọ àkísà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àna rẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú bí wọ́n bá fi àwo tí ó sán bu oúnjẹ fún un. Nítorí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ọkùnrin máa rìn káàkiri bí ó ti wù ú. Kí aṣọ mọ́, kí ó ṣe déédé ara, kí a má wọ aṣọ ijó lọ sí ilé ọ̀fọ̀: ìdí àwọn òfin wọ̀nyí ṣì wà láàyè. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn òfin tí ìdí wọn ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, tí a kò sì rí ẹnì kan kí ó wá túfọ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ Croatia wà lára àwọn tí ń jagun fún ọba ilẹ̀ Faransé. Aṣọ kan ni wọ́n máa ń wé mọ́ ọrùn, tí wọ́n sì ń so ní iwájú. Ó wu àwọn ará ààfin, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í so ó, orúkọ àwọn ará Croatia náà ni wọ́n sì fi ń pe aṣọ ọrùn ọ̀hún ní èdè Faransé títí di òní. Ohun tí ó jẹ́ ti ojú ogun di ti ààfin, láti ààfin ó di ti oníṣòwò, láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò ó di ti akọ̀wé.

Ní ìlú London, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ George Bryan Brummell, tí wọ́n bí ní 1778. Kì í ṣe ọmọ oyè, ṣùgbọ́n ọmọ ọba tí ó ń dúró de adé ní ìgbà náà bá a ṣe ọ̀rẹ́, ohun tí Brummell bá sì wọ̀ lónìí ni àwọn ọlọ́lá yóò wọ̀ lọ́la. Òun ni ó kọ́ wọn láti fi aṣọ dídán aláràbarà sílẹ̀, kí wọ́n wọ kóòtù dúdú tí ó ṣe déédé ara, ṣòkòtò gígùn, àti aṣọ ọrùn funfun tí a fi sítáàṣì mú le. Láti ara ìmúra rẹ̀ ni kóòtù òun ṣòkòtò tí a ń wò bí aṣọ iṣẹ́ lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1816 gbèsè lé e sá lọ sí ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1840, ní ìlú Caen, nínú ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. N kò sọ èyí láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó gbé òfin yìí kalẹ̀. Kì í ṣe láti orí òkè Sínáì ni ó ti sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni táì gígùn tí a ń so lónìí gan-an, èyí tí a gé aṣọ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ó má baà lọ́, kò tíì pẹ́ láyé: ọkùnrin kan ní ìlú New York, Jesse Langsdorf, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a ń gbà rán an ní àwọn ọdún 1920. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní ìyá àgbà tí ó ti lé dáadáa ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyá náà ni ẹ̀gbọ́n táì.

Wésíkóòtù ńkọ́? Ọba Charles Kejì ni ó mú un wọ ààfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹwàá ọdún 1666. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Nípa bọ́tìnnì rẹ̀ tí ó kẹ́yìn nísàlẹ̀, òfin wí pé a kò gbọdọ̀ dì í. Mo béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo wà ní London, ìdáhùn tí wọ́n sì fún mi ni pé Ọba Edward Keje, tí ó jọba láti 1901 títí di 1910, sanra tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́tìnnì náà kò fi ṣe é dì mọ́, àwọn ìjòyè rẹ̀ sì ṣí tiwọn kí ojú má baà ti ọba. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtàn ni wọ́n ń pa. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé mo fi etí mi gbọ́ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí ní ìlú Ìbàdàn nítorí pé ó di bọ́tìnnì yìí. Ikùn ọba tí ó ti kú láti 1910 ni a ń bọ̀wọ̀ fún ní Dùgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láàárín àwọn olówó ìlú London, òfin kan wà pé a kì í wọ bàtà búráùn lọ sí ibi iṣẹ́ nínú ìlú. Dúdú ni ti ìlú, búráùn ni ti ìgbèríko, níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń ṣe ọdẹ tí wọ́n sì ń gun ẹṣin nínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan lè rò pé irú òfin bẹ́ẹ̀ ti bá àwọn tí ó ṣe é wọ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2016, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti ṣe ìwádìí bí ọmọ tálákà ṣe ń rí ọ̀nà gòkè, èyí tí wọ́n ń pè ní Social Mobility Commission, tẹ ìròhìn kan jáde nípa àwọn ilé ìfowópamọ́ ńláńlá ti London. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tí ó mọ̀wé lè pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó wọ bàtà búráùn pẹ̀lú kóòtù, tàbí nítorí pé àwọ̀ táì rẹ̀ ń pariwo jù. Kì í ṣe pé bàtà náà dọ̀tí, kì í sì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó hàn gbangba pé ní ilé tí ó ti wá, kò sí baba tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí tí ìbá kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Òfin bàtà kì í ṣọ́ bàtà, ẹnu ọ̀nà ni ó ń ṣọ́. Ọmọ ilé mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àlejò kò lè mọ̀ ọ́n àfi bí ó bá ti ṣẹ̀ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, tí èdè jẹ́ tirẹ̀ tí òtútù sì jẹ́ tirẹ̀, ni asẹ́ yìí ń sẹ́ dànù báyìí, kí ni a rò pé ó ń ṣe sí ọmọ Ìkirè tàbí ọmọ Ṣakí tí ó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá sí Èkó?

Àwọn òfin kéékèèké mìíràn wà tí n kò ní fi àkókò ṣòfò lé lórí. Wọ́n ní àwọ̀ bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ bá ti bàtà mu. Wọ́n ní ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ṣòkòtò dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní a kì í wọ aṣọ funfun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún ti ń parí lọ ní ìgbà náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, níbi tí funfun ti jẹ́ aṣọ ọdún, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ Jímọ̀ àti aṣọ Ọbàtálá láti January dé December, kí a sáà fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni í.

Báwo ni ẹrù yìí ṣe dé orí wa? Àwọn Sàró tí wọ́n padà wá láti Sierra Leone, àti àwọn Àgùdà láti Brazil, ti ń wọ aṣọ òyìnbó ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn oníwàásù fi í ṣe àmì ìgbàgbọ́, ìjọba amúnisìn sì fi í ṣe àmì ẹni tí ó yẹ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. A kò sì lè sọ pé gbogbo àwọn baba wa ni wọ́n gbà á láìjanpata. Ní 1887 àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Freetown láti tún ọ̀rọ̀ ìmúra àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ṣe. Ní Èkó, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent, ọ̀kan nínú àwọn tí ó yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní 1888. Ní 1894 ó ju orúkọ náà sílẹ̀, ó di Mojola Agbebi, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì ń wọ̀. Ẹ ronú sí ìgboyà ọkùnrin yìí. Ní ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ́lẹ̀ ni ó ń sọ fún ìjọ rẹ̀ pé ènìyàn lè wọ bùbá kí ó sì dé ìjọba ọ̀run.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mbonu Ojike, ọmọ Ìgbò tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà. Títí ó fi kú ní 1956 ni ó ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kọ ohun gbogbo tí a lè kọ̀ nínú ọjà òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ara aṣọ ọrùn rẹ̀. Ní òru ọjọ́ tí Gánà gba òmìnira ní oṣù kẹta 1957, fùgù, ẹ̀wù àwọn ará àríwá ilẹ̀ wọn, ni Kwame Nkrumah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ gun orí pẹpẹ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960, aṣọ ńlá ilẹ̀ Haúsá ni Abubakar Tafawa Balewa wọ̀ láti gba ìwé òmìnira tiwa lọ́wọ́ Princess Alexandra. Fẹlá Aníkúlápó Kútì sì gbé àwo orin odindi kan jáde ní 1973, èyí tí ó pè ní *Gentleman*, láti fi ọkùnrin tí ó wọ kóòtù nínú oòrùn ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí n má baà purọ́ fún yín, ó yẹ kí n sọ ti ẹnì kan sí i. Herbert Macaulay, tí ó kú ní 1946, tí gbogbo wa ń pè ní baba ìjà òmìnira, kóòtù funfun àti táì onílabalábá ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yà á sára owó náírà kan ní 1979. Ta ni yóò sọ pé kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀? Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, agbádá kọ́ sì ni ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Mo ti rí agbádá tí ó gbọ̀n jìnnìjìnnì níwájú òyìnbó, mo sì ti rí táì tí kò gbọ̀n. Ẹni tí ó bá yàn láti so ó, kí ó so ó. Yíyàn náà ni mo ń bèèrè.

Ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n pè mí sí oúnjẹ alẹ́ ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Èkó, èmi náà sì gbé sányán tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi wọ̀, láti orí dé ẹsẹ̀. Bàbá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ó ju bàbá mi lọ ní ọjọ́ orí, na ọwọ́ dí mi lọ́nà pẹ̀lú ìtìjú.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Wọn kì í jẹ́ kí a wọlé láìsí kóòtù ní ọjọ́ báyìí. Bí ó bá ṣe ọjọ́ Ẹtì ni, kò burú."

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ta ni ó ṣe òfin náà?"

Ó ronú díẹ̀. "A bá a níbẹ̀ ni."

N kò bá a jà. Òun kọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ márùn-ún bàbá yìí kò kúrò ní etí mi. Òyìnbó tí ó kọ́ ilé náà ti lọ. Àwọn tí ó jókòó nínú rẹ̀ nísinsìnyí, ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n pa òfin náà mọ́, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n jù ú nù.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ni òfin náà ti ń bọ́ ọ sílẹ̀. Ní 2007, ilé iṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn dókítà inú ilé ìwòsàn dẹ́kun táì síso àti ẹ̀wù alápá gígùn nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú aláìsàn. Ẹni mélòó ni ó ń fọ táì rẹ̀, tí ó sì ń gbé e láti orí ibùsùn kan dé èkejì? Láti 2008, àwọn adájọ́ wọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ìdílé kò dé irun àtọwọ́dá mọ́, ìyẹn irun tí àṣà rẹ̀ tọ Ọba Charles Kejì lẹ́yìn láti ilẹ̀ Faransé ní 1660, tí àwọn ará ìlú sì ti pa tì lẹ́yìn tí ìjọba bu owó orí lé ìyẹ̀fun rẹ̀ ní 1795. Àwọn lọ́yà wa ṣì ń dé e nínú ooru. Ní 2017, olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní London sọ pé kì í ṣe dandan kí ọkùnrin so táì kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n lé Rawiri Waititi, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Māori, jáde nínú ilé ìgbìmọ̀ New Zealand nítorí pé ọ̀ṣọ́ ọrùn àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọrùn dípò táì, ohun tí ó pè ní okùn amúnisìn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n pa òfin náà rẹ́. Ọjọ́ kan péré!

Ní Jàpáánì, kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ amúnisìn. Ní 2005 ìjọba wọn rọ àwọn òṣìṣẹ́ pé, ní ìgbà ooru, kí wọ́n bọ́ kóòtù, kí wọ́n tú táì, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí ìwọ̀n 28, nítorí iná mànàmáná tí ọ́fíìsì ń jẹ láti mú yàrá tutù fún ọkùnrin tí ó wọ irun àgùntàn. Olórí ìjọba wọn, Junichiro Koizumi, ni ó kọ́kọ́ tú tirẹ̀. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń tú u, ní oṣù kọkànlá 2023 ni olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kẹ́ńyà kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù aláìníkọ́là tí a fi orúkọ Kenneth Kaunda ti Zambia pè wọ inú ilé náà mọ́. Kóòtù, kọ́là àti táì ni kí wọ́n wọ̀. N kò mọ ohun tí mo lè fi kún èyí.

Ní ti ara, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí aṣọ ń ṣe. Ooru ọ̀sán Èkó a máa tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin sì wà nínú afẹ́fẹ́. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n òógùn kò lè ṣe iṣẹ́ náà àfi bí atẹ́gùn bá gbé e lọ. Kọ́là tí a dì àti táì tí a fún ti ilẹ̀kùn òkè pa, kóòtù ti ti ẹ̀gbẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ti ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó dá agbádá sílẹ̀ láéláé mọ ohun mìíràn: ọrùn rẹ̀ ṣí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, bí ènìyàn bá sì gbé apá rẹ̀ lé èjìká, atẹ́gùn ń wọlé ó ń jáde bí ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. N kò sọ pé kí a wọ agbádá lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń yí, ìyẹn á pani. Bùbá àti ṣòkòtò wà fún ìyẹn, ẹ̀wù alápá kúkúrú wà.

Ó sì yẹ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan nítorí àwa tí a fẹ́ràn ìlú wa, torí mo mọ bí ọwọ́ wa ti ń yára. Mobutu ti Kóńgò, ní àwọn ọdún 1970, kò dúró ní kí ó gba ènìyàn láyè. Ó fi àṣẹ ìjọba ka kóòtù òyìnbó àti táì léèwọ̀, ó sì ní abacost ni kí gbogbo ọkùnrin wọ̀. Títí di 1990 ni ọ̀rọ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti òmìnira di aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì so táì lè bá ara rẹ̀ nínú wàhálà. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan náà, tí a kàn pààrọ̀ ẹni tí ń ṣọ́ ọ?

Àwa náà sì ní tiwa. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa ti gbà pé ọjọ́ Ẹtì nìkan ni aṣọ ilẹ̀ wa yẹ, bí ẹni pé àlejò ni a jẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Àwọn kan a máa ka fìlà bí ìwé: wọ́n ní ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún àpọ́n ni, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì ti gbéyàwó, mo sì ti gbọ́ ìdàkejì rẹ̀ láti ẹnu àgbà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń bú ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ti aṣọ ẹbí, tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń jẹ gbèsè láti rà nítorí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́, mo lè kọ odindi ìwé. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú kan náà tí a fi wo táì wo àwọn wọ̀nyí: kí ni ìdí rẹ̀, ó ha ṣì wà láàyè bí?

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin olùkọ́ ni mo ń darí ọ̀rọ̀ yìí sí jù, nítorí ní ilé ẹ̀kọ́ ni a ti ń kọ́kọ́ so okùn náà. Mo rántí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tèmi, ọkùnrin rere, tí ó ní táì kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ni ó ń so ó títí ìdí rẹ̀ fi ń dán bí ìkòkò ọbẹ̀. Ní agogo méjìlá ọ̀sán, lábẹ́ páànù tí ó gbóná, ó ń kọ́ wa pé oòrùn ilẹ̀ wa yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ń nu ọrùn rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó rí ohun tí ó takora nínú rẹ̀. Lónìí, mo ń rí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ní òpópónà nínú kóòtù ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn òbí wọn san owó gọbọi lé lórí, nítorí pé kóòtù náà ni ó fi hàn pé ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún dára. Ẹ̀yin ni ẹ lè dìde ní ìpàdé àwọn olùkọ́, kí ẹ béèrè ìbéèrè tí mo bi bàbá ẹnu ọ̀nà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé a bá a níbẹ̀ ni, ẹ mọ ohun tí ó kù.

Ní ti àbúrò mi, n kò sọ fún un pé kí ó wọ bùbá lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, owó ilé ti tó san, ọ̀rọ̀ ìlànà sì rọrùn láti sọ fún ẹni tí ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo bá a so táì náà fúnra mi, mo sì sin ín dé ibùdókọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ó dá kóòtù mi padà, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ẹni pé òjò pa á. Mo bi í bí ó ti rí. Ó ní wọ́n bi òun ní ìbéèrè mẹ́ta nípa ìṣirò, òun sì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní iná mànàmáná ti lọ láti òwúrọ̀, àti pé kí òun tó wọlé, alága ìgbìmọ̀ náà ti bọ́ kóòtù tirẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn àga.